Moríyọ̀ Olóbì àti Àwọn Tó Ní Irọ́ Ló Ń Pa

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́, kó má máa jẹ mí lẹ́nu: èmi ni mo ní kó má dáhùn. Èmi Rasheedat, tí gbogbo ọjà obì ní Ṣàgámù ń pè ní Ìyá Tawfiq, èmi àgbà tó yẹ kó gbọ́n. Bí ẹ bá gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹlòmíì, wọ́n á yọ tèmi kúrò níbẹ̀, torí wọ́n ń bẹ̀rù ẹnu mi. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Moríyọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá la fi jọ ṣa obì lábẹ́ páànù kan náà. Wọ́n á kó obì dé láti oko, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó bó èèpo funfun ara rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó wá máa ṣà á, èyí tó dára lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti wọ̀ lọ́tọ̀, ká tó fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n fún àwọn tó ń gbé e lọ sókè Ọya. Ẹni tó lójú fún iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Moríyọ̀ lójú. Á kàn di obì mú ni, á yí i lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ìyá Tawfiq, kòkòrò wà nínú eléyìí." Màá ní irọ́ ni, màá là á, màá sì bá kòkòrò níbẹ̀. Inú á bí mi. Òun á máa rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ìjọ àwọn tó ń pa Sábáàtì mọ́ ni, àwọn Adífẹ́ńtíìsì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, á palẹ̀ mọ́, á pa fóònù rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé kó tó tàn án. Bí ilé bá ń jó, ẹ ò lè rí i pè. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Moríyọ̀, oníbàárà á pè ọ́ tì, á lọ ra tẹlòmíì." Á ní, "Ìyá Tawfiq, Ọlọ́run tó ní ọjà ló ni ọjọ́." Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Èmi náà ń kírun.

Ọkọ rẹ̀, Sunday, wa tírélà. Ọ̀nà ló kú sí, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ìbejì ni wọ́n, obìnrin méjèèjì, wọ́n jọra débi pé èmi tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n wọ́n ṣì máa ń pe Táyé ní Kẹ́hìndé. Nígbà tí agbára ìyá wọn kò ká àwọn méjèèjì mọ́, Bánkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú Táyé lọ sọ́dọ̀ ní Ìkẹ́nẹ́. Kẹ́hìndé dúró ti ìyá rẹ̀ ní Ṣàgámù. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn, ta ni kì í gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n ẹni tọ́?

Kẹ́hìndé ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Á rìn láti ilé dé ibi ẹ̀rọ omi, á lóṣòó, á di àyà mú, ètè rẹ̀ á dúdú. A kọ́kọ́ pè é ní ibà. Lẹ́yìn náà a pè é ní àìlẹ́jẹ̀ tó, a ń fún un ní ẹ̀fọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, dókítà ní ihò wà nínú ọkàn rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó ní iṣẹ́ abẹ ló kù, pé Èkó ni wọ́n ti máa ṣe é, kò sì gbọdọ̀ kọjá ìparí oṣù kẹta. Wọ́n dá ọjọ́ fún un. Owó tí wọ́n pè, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Bí a bá ta ìsọ̀, ká ta agbọ̀n, ká ta èmi náà lé e, kò ní tó.

Tolúlàṣẹ, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yunifásítì, ló ní òun á ṣí ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ayé á ti lè dáwó fún ọmọ náà. Ó ya àwòrán Kẹ́hìndé lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ àlàyé sí i, ó sì lo orúkọ tó wà lórí káàdì ilé ìwòsàn: Ìfẹ́olúwapọ̀. Kò kọ Kẹ́hìndé. Ká ní ó kọ Kẹ́hìndé ni, ọmọ Yorùbá wo ni kò ní béèrè Táyé? Ọmọ dáadáa ni Tolúlàṣẹ, n kò dá a lẹ́bi. Ohun tó wà nínú ìwé ló kọ.

Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn tí a kò mọ̀ rí, láti Ìbàdàn, láti ìlú òyìnbó, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń kọ àdúrà tẹ̀ lé e. Moríyọ̀ á máa bó obì, á máa kọrin. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ó tiẹ̀ ti ra aṣọ àwọ̀sùn tuntun fún ọmọ náà, pé òun ló máa wọ̀ ní ilé ìwòsàn ní Èkó. Inú mi dùn, n kò ní parọ́. Mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé aráyé kò burú tó bí a ṣe ń wí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí mo kírun dé, Tolúlàṣẹ gbé fóònù rẹ̀ ka orí agbọ̀n ní ìsọ̀ wa, ó ní kí Moríyọ̀ bá àwọn tó ń dáwó sọ̀rọ̀, kí wọ́n rí ojú rẹ̀. Láìfù ni wọ́n ń pè é. Bí ìbéèrè ṣe ń yọ lójú fóònù ni Tolúlàṣẹ ń kà á síta. Kí ló ń ṣe ọmọ náà gan-an? Ìgbà wo ni iṣẹ́ abẹ? Moríyọ̀ ń dáhùn dáadáa. Ni ẹnì kan bá béèrè pé, "Ọmọ mélòó lẹ bí, mà?"

Moríyọ̀ gbójú sókè, ó wò mí. Ẹ̀yìn fóònù ni mo wà, wọn ò rí mi. Mo gbọn orí fún un, mo fi ìka lé ètè. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ká má tíì sọ pé ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ á jókòó máa kà á fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú tí kò mọ̀. Ọ̀kan ń ṣàìsàn nílẹ̀, ṣé kó tún wá na ìka sí èyí tó kù fún ayé ni? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí ìyá tìrẹ náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn, má purọ́ fún mi.

Ó gbọ́ tèmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Olúwa tó fún mi ló mọ iye wọn." Ẹni yẹn tún béèrè. Ẹlòmíì bá a béèrè. Ó ní, "Ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà fún Ìfẹ́olúwapọ̀." Mo rọra pàtẹ́wọ́ fún un láti ẹ̀yìn, pé ó káre. Háà, Rasheedat!

Bí oòrùn ṣe wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Atúdìí-Olè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní, gbé fídíò kan jáde. Ìdíje eré sísá ilé ìwé kan ní Ìkẹ́nẹ́ ni. Táyé ló wà níbẹ̀, ó sáré, ó gba ipò kìíní, ó ń fò sókè. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Kẹ́hìndé lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti lu! Wọ́n bi ìyá rẹ̀ ní iye ọmọ tó bí, ó ń fi Olúwa bojú. Ẹ tọrọ owó yín padà."

Fóònù Moríyọ̀ ti kú fún Sábáàtì. Ti Tolúlàṣẹ náà ti kú. Èmi, fóònù kékeré tí mo fi ń pe oníbàárà ni mo ní. Láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn èèyàn ń pe Moríyọ̀ lólè, òun wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dúpẹ́ fún owó. Wọ́n ń kọ ọ́ pé, "Ẹ fèsì, mà." Kò sí èsì. "Wọ́n ti pa fóònù." "Wọ́n ti na pápá bora." Ta ló fẹ́ sọ fún wọn pé obìnrin yìí ò tan fóònù nítorí ó bẹ̀rù Ọlọ́run?

Mo wà nílé rẹ̀ nígbà tó tàn án. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún Kẹ́hìndé. Fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò dákẹ́. Moríyọ̀ ń kà á síta. Olè. Oníjìbìtì. "Ọlọ́run á pa ọmọ yẹn lóòótọ́ kó o lè rí nǹkan gidi tọrọ owó sí." Ó gbójú sókè, ó bi mí pé, "Ìyá Tawfiq, ta ni wọ́n ń bá wí?"

Tolúlàṣẹ kọ èsì lójú ẹsẹ̀. Ó ní ìbejì ni wọ́n, pé Táyé ló ń sáré, Kẹ́hìndé ló ń ṣàìsàn. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. "Odidi ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó rántí pé ẹ bí ìbejì? Ìyá wo ló ń gbàgbé ìbejì?" Òótọ́ ni wọ́n bi í, kò sì dáhùn. Ta ló ní kó má dáhùn?

Lọ́jọ́ Àìkú, Bánkẹ́ mú Táyé wá. A jókòó ti àwọn méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì, Táyé di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú — àwọn kan á ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká jà — Tolúlàṣẹ ya fídíò wọn. Afọ́jú á rí i pé ọ̀kan ń kú lọ. Mo ní, ó tán, ojú á tì wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ṣe fídíò náà, pé kò sí èèyàn méjì níbẹ̀. Ẹnì kan ní òun rí ìka mẹ́fà lọ́wọ́ Táyé. Obìnrin kan ní Likosi nítòsí wa, tó mọ Moríyọ̀ dáadáa, gbèjà wa níbẹ̀, wọ́n bú ìyá rẹ̀, bú ọmọ rẹ̀, ó sì dákẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ẹ bá mi bi ẹni tó pa òwe yẹn, ọjọ́ wo?

Wọ́n wá nọ́ńbà Moríyọ̀ rí, wọ́n tú u síta. Ìpè ń wọlé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo gba ọ̀kan gbé sétí ní ìsọ̀. Ohùn ọ̀dọ́kùnrin ni, ó dùn ún gbọ́ bíi ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ fún àwọn ará ilé ìwòsàn nínú owó náà?" Mo ṣépè fún un. Mo ṣépè débi pé àwọn tó ń bó obì dúró. Àṣé ó ń ká ohùn mi sílẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, èmi náà ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ẹ gbọ́ ohùn ìyá àwọn olè. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí ẹnu mi ba nǹkan jẹ́ fún Moríyọ̀. Kò bá mi wí. Ì bá bá mi wí, ì bá rọrùn.

Ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì tí ojú ewé náà wà ti owó pa kí wọ́n lè wádìí. Ìwé ti ilé ìwòsàn wá, wọ́n kà á, wọ́n rí i pé òótọ́ ni, wọ́n ṣí i padà. Àwọn kan ti gba tiwọn padà, àmọ́ èyí tó kù níbẹ̀, bí ìjọ bá fi díẹ̀ lé e, á gbé iṣẹ́ abẹ náà. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Mo ní kí wọ́n máa pariwo, kí ọmọ wa ṣáà dé Èkó.

Ọ̀túnla rẹ̀, Táyé ń bọ̀ láti ilé ìwé ní Ìkẹ́nẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì lórí ọ̀kadà gbá tọ̀ ọ́, ọ̀kan ń wà á, èkejì na fóònù. "Aláìsàn, wúkọ́ ká gbọ́! Sáré ká wò ó!" Ọmọ náà sáré, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó já sí gọ́tà, apá rẹ̀ kán. Wọn ò sọ̀ kalẹ̀ gbé e. Wọ́n gbé fídíò náà jáde, ẹ̀rín wọn wà nínú rẹ̀ ketekete, igbe ọmọ náà sì wà nínú rẹ̀.

Orí fóònù ni Kẹ́hìndé ti rí i. Kò sunkún. Ó pe ìyá rẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ dá owó wọn padà fún wọn."

Moríyọ̀ ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ẹ dá a padà. Táyé ò ṣe nǹkan kan fún wọn. Wọ́n á pa á nítorí mi."

Moríyọ̀ bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, Táyé pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ so kọ́rùn bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé òun lè máa fara pamọ́ sínú ilé. Kẹ́hìndé pa eyín pọ̀, kò gbé oògùn mì mọ́. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì. Bí a bá fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́nu, á tu ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo fa Moríyọ̀ sí ìta, mo ní, "Jẹ́ ká parọ́ fún un pé a ti dá a padà." Ó ní, "Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá Tawfiq. Á yẹ ojú ewé náà wò." Òótọ́ ni. Ọmọ tí wọ́n ti pè ní onírọ́ káàkiri ayé kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Moríyọ̀ ránṣẹ́ pe Tolúlàṣẹ. Tolúlàṣẹ kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká ṣe é." Moríyọ̀ ní, "Bí kò bá gbé oògùn mì lónìí, ta ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún? Jẹ́ ká gba tòní ná. Ìjọ á ràn wá lọ́wọ́ fún ìyókù." Wọ́n dá a padà fún ẹni gbogbo tó dá a. Kẹ́hìndé ń wò ó lójú fóònù títí tí gbogbo rẹ̀ fi tán. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, ìyá rẹ̀ fi oògùn sí i.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. "Olè ti jẹ́wọ́!" Atúdìí-Olè kọ ọ́ gàdàgbà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń kí i kú iṣẹ́. "Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kú lóòótọ́, ṣé á dá owó padà?" Àwọn kan nínú ìjọ náà ka èyí. Àgbà ìjọ tó ti ṣèlérí pé àwọn á fi díẹ̀ lé e wá sílé, ó jókòó, ó mu omi, ó ní ó yẹ ká ní sùúrù kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ ná. Sùúrù! Fún ọmọ tí kò lè sùn lélẹ̀ mọ́, tó jẹ́ pé ìrọ̀rí mẹ́ta la fi ń gbé e ró kó lè mí. Mo bínú. Mo ṣì ń bínú bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè lọ nà.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ dé, ó kọjá. Aṣọ àwọ̀sùn wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Moríyọ̀ ń ṣa obì lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọmọ, torí wọ́n ti ní kó má wá sí ìsọ̀ fún ìgbà díẹ̀, pé àwọn oníbàárà ń béèrè ọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń gbé tèmi lọ fún un kó lè ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ó ń ṣa obì dáadáa nínú omijé, kò ṣi ẹyọ kan.

Kẹ́hìndé kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Tusidé, ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Èmi ni mo ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Tawfiq, ó gbóná," mo yíjú láti bu omi tútù sí i, mo yíjú padà, ó tán.

Wọ́n gbé e lọ sin lọ́jọ́ náà. Òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ dé sàréè, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ rí ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Moríyọ̀ fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Èmi àti Bánkẹ́ la dì í mú sínú yàrá, a ti ilẹ̀kùn. Ó ń bá wa jà títí tí wọ́n fi dé láti sàréè tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ níta.

Tolúlàṣẹ kọ gbólóhùn kan sójú ewé náà pé Ìfẹ́olúwapọ̀ ti kú. Àwọn díẹ̀ tọrọ àforíjì. Àwọn tó pọ̀ jù ní kí wọ́n fi òkú hàn.

Ọjọ́ kẹta, mo wọlé bá Moríyọ̀, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Bánkẹ́ ti rán Táyé ní búrẹ́dì ní Ìkẹ́nẹ́ láàárọ̀, ẹnì kan ti yà á níbẹ̀, ó dúró sójú ṣọ́ọ̀bù, ó ń gba ṣéńjì. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Òkú rèé o! Ó ń ra búrẹ́dì! Kò kú rárá." Mo ní kó gbé fóònù náà fún mi. Kò gbé e. Ó fi ìka méjì ya àwòrán náà gbòòrò, ojú ọmọ náà kún ojú fóònù, ojú Kẹ́hìndé gan-an, ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ó ní, "Ìyá Tawfiq, ẹ wò ó. Wọ́n ní kò kú."

Mo ń dúró kó sunkún tàbí kó ṣépè. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó ní, "Èmi ò dé ibẹ̀. Ẹ ò jẹ́ kí n dé ibẹ̀. Ṣé ẹ̀yin rí i pé wọ́n sin ín?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Èmi náà kò dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn ni mo dì mú.